Ìbọ̀sẹ̀ Tí Mo Fi Dí Agogo Lẹ́nu

Ẹ̀yin ará, kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ẹsẹ̀ yín! Ẹ mì ín díẹ̀ nínú bàtà. Ṣé ọmọ ìka ẹsẹ̀ yín pé? Ṣé mẹ́wàá ni? Ẹ pariwo Halelúyà! Ẹ ò tíì pariwo tó! Màmá mi rèé níwájú níbí, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn pé mẹ́wàá géérégé, wọ́n sì ń mí! Ògo fún Ọlọ́run òkè! Ògo fún Ọlọ́run pẹ̀tẹ́lẹ̀!

Ẹ jókòó, ẹ ṣeun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé èmi kì í jáde wá jẹ́rìí. Èmi Mojísọ́lá, iṣẹ́ kọ̀mpútà ni mò ń ṣe, Lichtenberg ní Berlin níbí ni mò ń gbé, àga ẹ̀yìn ni mo sì máa ń jókòó sí nínú ìjọ yìí kí n lè tètè sá lọ bá S-Bahn, ọkọ̀ ojú irin wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Mi ò fẹ́ ṣe ọlọ́ṣà lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Nítorí náà, lónìí, S-Bahn lè máa lọ.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ lára Káyọ̀dé àbúrò mi. Dìde, Káyọ̀dé, kí wọ́n rí ọ. Nọ́ọ̀sì ni. Jenfeld ní Hamburg ló ń gbé. Ó ti ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún ọdún mẹ́fà nílé kó tó wá síbí, ṣùgbọ́n ẹ mọ ìlú yìí, wọ́n ní àfi kó gba Anerkennung, ìwé tó máa jẹ́rìí pé nọ́ọ̀sì tòótọ́ ni. Ó ṣe ìdánwò àkọ́kọ́, ó fìdí rẹmi. Oṣù mẹ́jọ gbáko ló fi ń ti àwọn arúgbó kiri lórí kẹ̀kẹ́, tí kò gbọdọ̀ gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́. Màámi gbọ́ nílé ní Èkìtì, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́. Wọ́n ní, “Ọlọ́run, ọjọ́ tí ìwé ọmọ yìí bá jáde, màá lọ bá a níbi tó wà. Màá gun òkè ìlú náà, màá fi ẹsẹ̀ mi méjèèjì tẹ̀ ẹ́, màá sì dúpẹ́.”

Ìwé jáde! Ẹ bá mi yin Olúwa! Fisa Màámi náà tún jáde! Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, Màámi ti dé Berlin pẹ̀lú àpótí méjì, èlùbọ́ nínú ọ̀kan, aṣọ àdúrà nínú èkejì.

Ṣùgbọ́n òkè dà? Berlin tẹ́jú pẹrẹsẹ. Hamburg tẹ́jú jù ú lọ, omi ló kún ibẹ̀. Mo mú Màámi lọ sí òkè kékeré kan ní apá ìwọ̀-oòrùn Berlin, èyí tí wọ́n fi àwókù ilé kó jọ lẹ́yìn ogun. Màámi wò ó, wọ́n ní, “Òkìtì ni èyí. Kí ni wọ́n ń pè é?” Mi ò lè parọ́. Mo ní, “Màámi, orúkọ rẹ̀ ní èdè wọn ni Òkè Èṣù.” Màámi wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. “Mojísọ́lá. Kí n wọkọ̀ òfuurufú láti ilé, kí n wá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí òkè Èṣù?” A yíjú padà lójú ẹsẹ̀. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ rántí pé lọ́jọ́ yẹn, mi ò parọ́. Ọ̀rọ̀ irọ́ ń bọ̀ níwájú.

Káyọ̀dé ló wá rántí Harz. Ó pè mí, ó ní, “Sister mi, òkè gidi wà níbẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ọ̀nà láàárín èmi àti ẹ̀yin. Ẹ gbé Màámi wọ Bahn láti Berlin, èmi náà á wọ tèmi láti Hamburg, ká pàdé lábẹ́ òkè.” A fi í sí ọjọ́ Sátidé kan tí oṣù kẹta ń parí lọ.

Kí n tó gun òkè, ẹ jẹ́ kí n sọ ti agogo. Màámi ní agogo kan, ẹ̀yin aláṣọ funfun ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ irú rẹ̀, agogo idẹ kékeré tí a ń fọwọ́ mì. Ó ti wà lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó bí mi. Láàárọ̀, aago márùn-ún, wọ́n á mì í lẹ́ẹ̀mẹta: Mímọ́, Mímọ́, Mímọ́. Nílé, àdúgbò ló ń bá wọn dáhùn. Ní Lichtenberg, ọjọ́ kẹta ni ìyá tó ń gbé nísàlẹ̀ wa kan ilẹ̀kùn. Obìnrin àgbà ni, ó wọ aṣọ ìwọ̀sùn, irun rẹ̀ dúró. Ó ní, “Ruhezeit! Títí di aago mẹ́fà àárọ̀, ìdákẹ́jẹ́ ni. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, mo sì fẹ́ sùn.” Mo bẹ̀ ẹ́. Ojú tì mí, ẹ gbà mí gbọ́. Kì í ṣe nítorí ariwo nìkan. Ojú agogo náà gan-an ló ń tì mí. Èmi tí mo ń jókòó ṣe ìpàdé pẹ̀lú àwọn ọ̀gá níbi iṣẹ́, kí wọ́n wá gbọ́ pé ilé alágogo ni mo ti ń bọ̀!

Kí ni mo ṣe? Mo wá ìbọ̀sẹ̀ kan, ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn, pupa fòò, tí ẹ̀rọ ìfọṣọ ti gbé èkejì rẹ̀ mì. Mo ká a, mo rọ́ ọ sínú agogo, mo fi rọ́bà dì í yí ká lẹ́ẹ̀mẹta. Mo mì í wò. Kò dún. Mo fún Màámi padà. Wọ́n gbà á, wọ́n wò mí, wọn ò sọ nǹkan kan. Tí Màámi ò bá sọ̀rọ̀, ẹ bẹ̀rù. Láti ọjọ́ náà, agogo tí ìbọ̀sẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀ ni wọ́n fi ń gbàdúrà. Wọ́n á mì í lẹ́ẹ̀mẹta, kò ní dún, wọ́n á sì fi ẹnu sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Ó di ọjọ́ Sátidé. Ẹ bá mi gbé Ọlọ́run tó dá ojú ọjọ́ ga! Oòrùn ọjọ́ náà dára débi pé, nígbà tí a sọ̀ nínú Bahn lábẹ́ òkè, àwọn èèyàn ń jókòó síta, wọ́n ń lá áísíkiriìmù. Mo ti wo ojú ọjọ́ lórí fóònù mi, oòrùn nìkan ni wọ́n yà síbẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ojú ọjọ́ ìlú ìsàlẹ̀ ni mo ń wò, pé òkè ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Káyọ̀dé ti dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pèpéle ọkọ̀ ojú irin, àwọn òyìnbó rò pé ó ṣubú ni, wọ́n fẹ́ gbé e dìde.

A bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Ẹ̀yin ará, òkè náà rẹwà! Mi ò lè purọ́ mọ́ òkè nítorí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Igi gígùn-gígùn tí ewé wọn rí bí abẹ́rẹ́, omi tútù tó ń sáré láàárín òkúta, àwọ̀ ewé tútù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú. Yìnyín àtijọ́ ṣì wà ní kọ́lọ́fín díẹ̀díẹ̀, oòrùn ń yọ́ ọ. Màámi ń lọ níwájú. Èkìtì ni wọ́n bí wọn sí, láàárín òkè. Èmi àti Káyọ̀dé ń mí helehele lẹ́yìn. Màámi bojú wẹ̀yìn, wọ́n ní, “Ẹ ṣe wàrà, ẹ̀yin ọmọ lífìtì!” Wọn ò jẹun, wọn ò mu omi láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, nítorí ààwẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n fi ń gun òkè. Mo wo ẹ̀yìn wọn bó ṣe nà tọ́ọ́rọ́, orí mi wú.

Bí a ṣe ń sún mọ́ orí òkè, bàbá òyìnbó kan ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀, ọ̀pá méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró. Ó wo Màámi, ó wo ojú sánmọ̀, ó sọ fún mi ní èdè wọn pé, “Ẹ rí i pé ẹ ti sọ̀kalẹ̀ kí aago kan tó lù. Afẹ́fẹ́ ti yí. Òjò dídì ń bọ̀.” Oòrùn ń ta nígbà tó ń sọ ọ́ o! Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Màámi bi mí pé, “Kí ni bàbá yẹn sọ?” Ẹ gbọ́ ohun tí mo dáhùn. Mo ní, “Ó ń kí wa ni, Màámi.” Mo rò pé tí mo bá sọ òótọ́, wọ́n á ní ká padà, a ó sì tún wá lọ́jọ́ mìíràn, èmi ò sì ní ọjọ́ ìsinmi mìíràn lóṣù yẹn. Mo parọ́ fún màmá mi lójú ọ̀nà òkè àdúrà. Ọlọ́run, dárí jì mí!

A dé ibi òkúta pẹlẹbẹ kan, oòrùn ti mú un lọ́wọ́ọ́rọ́. Bẹ́ǹṣì kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀. Màámi ní, “Ibí mímọ́ nìyí. Ẹ bọ́ bàtà.” Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹni tó bá wọ aṣọ funfun kì í wọ bàtà. A bọ́ bàtà, a bọ́ ìbọ̀sẹ̀, a bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, a kó gbogbo rẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àpò wa. A wọ sùtánà funfun, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ ni láti bẹ́ǹṣì dé orí òkúta. Fóònù mi wà nínú àpò síkẹ́ẹ̀tì mi. Màámi mú Bíbélì àti agogo tó ti ya odi.

Mo ti bẹ Màámi pé kí àdúrà má ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ẹ̀yin ará, ta ló ń dá àdúrà ọpẹ́ dúró? Wọ́n dárúkọ olùkọ́ tó kọ́ Káyọ̀dé ní ABD. Wọ́n dúpẹ́ lórí ìbà tó ṣe é ní ọmọ ọdún méjì. Wọ́n dúpẹ́ lórí ìdánwò tó kọ́kọ́ já a kulẹ̀. Káyọ̀dé ń sunkún, mo ń sunkún, ojú wa dì pinpin. Ó pẹ́, nǹkan tútù kan rọra bà mí lọ́rùn. Ara mi gbọ̀n. Mo rò pé Ẹ̀mí ni. Mo pariwo, “Àmín! Ẹ̀mí, sọ̀ kalẹ̀!” Ó tún bà mí, ó bà mí nímú. Mo la ojú.

Yìnyín ni!

Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Oòrùn ti lọ. Òkè kejì tí a ń wò ti lọ. Igi tí kò jìnnà sí wa ju ìwọ̀n pẹpẹ sí ilẹ̀kùn yìí lọ, mi ò rí i mọ́. Yìnyín tiwa nílé a máa pariwo lórí páànù, ọmọdé á máa ṣa á jẹ. Ti ibí kò sọ̀rọ̀. Ó kàn ń bọ̀ bí òwú, kùrukùru sì gbé e pọ̀n. Ẹ̀yìn wa ló ti bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí a ti ń ṣàdúrà.

A sáré sọ̀kalẹ̀ lọ síbi bẹ́ǹṣì. Ọgbọ̀n ìṣísẹ̀. Kò sí bẹ́ǹṣì. Àádọ́ta. Kò sí. A yà sọ́tùn-ún, a yà sósì. Ẹsẹ̀ lásán lórí yìnyín, ẹ̀yin ará! Lákọ̀ọ́kọ́ ó ń ta bí ata. Lẹ́yìn náà kò ta mọ́, ìyẹn ló sì burú jù. Káyọ̀dé di apá mi mú. Ojú nọ́ọ̀sì ló fi wò mí, kì í ṣe ojú àbúrò. Ó ní, “Sister mi, ẹ dúró. Ẹ jẹ́ ká má rìn mọ́. Bá a bá ń rìn, a ó kàn máa jìnnà ni. Ẹ pe 112.”

Àpáta ńlá kan wà, a fi ẹ̀yìn Màámi tì í kúrò lójú afẹ́fẹ́. Mo pè. Bátìrì ti lọ sílẹ̀, òtútù ti mú un. Ọkùnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ tutù. Mo sọ ibi tí a gbà gùn ún. Ó ní, “Àwọn tí ń gba èèyàn là lórí òkè ti ń bọ̀. Ẹ má kúrò níbẹ̀. Jákẹ́ẹ̀tì yín, àwọ̀ wo ni?”

Mo ní, “A ò wọ jákẹ́ẹ̀tì.”

“Kí lẹ wọ̀?”

“Aṣọ funfun.”

“Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?”

“Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.”

Ó dákẹ́. Ẹ̀yin ará, mo gbọ́ bó ṣe dákẹ́. Ó wá ní, “Bàtà ńkọ́?” Mo sọ. Ó ní, “Ẹ gbọ́ mi. Wọn ò lè rí yín. Ẹ wá nǹkan tó láwọ̀, tàbí nǹkan tó ń dún. Ẹ máa...” Fóònù kú.

Màámi bi mí pé, “Kí ló sọ?” Ètè wọn ti funfun. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀yin ará, mi ò yọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Mo ní, “Ó ní wọn ò lè rí wa nítorí aṣọ wa. Ó ní ká wá nǹkan tó láwọ̀, tàbí nǹkan tó ń dún.”

Màámi gbé ọwọ́ sókè díẹ̀díẹ̀. Agogo ni. Wọ́n ní, “Mojísọ́lá, yọ ìbọ̀sẹ̀ rẹ lẹ́nu rẹ̀.”

Ha! Ọlọ́run mi! Ìka mi ti kú. Rọ́bà tí mo fi ọwọ́ ara mi dì lẹ́ẹ̀mẹta kò fẹ́ tú. Mo fi eyín bù ú. Mo fi eyín fà á bí ẹní ń já okùn. Ọ̀kan já. Èkejì já. Ẹnu mi ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ̀kẹta já, ìbọ̀sẹ̀ jáde, agogo sì fúnra rẹ̀ ké kàn-án! Ẹ bá mi hó ìhó ayọ̀!

Káyọ̀dé gba ìbọ̀sẹ̀ náà lọ́wọ́ mi, ó wọ̀ ọ́ sí Màámi lẹ́sẹ̀ òsì, ó fà á gòkè. Ó ku ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọkùnrin yìí ṣe. Ó jókòó sínú yìnyín, ó gbé aṣọ rẹ̀ sókè, ó fi ẹsẹ̀ màmá wa tó ti dì lé ikùn ara rẹ̀ lásán, ó sì bò ó. Màámi fẹ́ fà á kúrò. Wọ́n ní, “Òtútù á mú ọ.” Ó ní, “Màámi, oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi wà níkùn yín. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín wà níkùn tèmi fún wákàtí kan.” Káyọ̀dé, Ọlọ́run á fún ọ ní ọmọ tó máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ!

Èmi ń lu agogo. Mo ń lù ú bí wèrè. Màámi tún lágbára láti bá mi wí. Wọ́n ní, “Bó o ṣe ń lù ú yìí, ṣé áísíkiriìmù lò ń tà? Mẹ́ta-mẹ́ta ni!” Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú ní mẹ́ta-mẹ́ta. Kàn-án, kàn-án, kàn-án. Mo dúró, mo fetí sílẹ̀. Kò sí nǹkan. Kàn-án, kàn-án, kàn-án. Kò sí nǹkan. Ó pẹ́, mo ṣì í lù. Màámi ò bá mi wí. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í lù lẹ́ẹ̀kejì. Wọn ò sọ nǹkan kan. Orí wọn ti tẹ̀ síwájú. Káyọ̀dé ń pariwo sí wọn létí pé, “Màámi, ẹ má sùn! Ẹ dárúkọ àwọn àbúrò yín fún mi!” Wọ́n dárúkọ ẹyọ kan, wọ́n dákẹ́.

Mo ti ń sọ òótọ́ bọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Mi ò rí àdúrà kankan gbà. Gbogbo àdúrà tí mo mọ̀ ló sá. Mo kàn ń sọ pé, “Ọlọ́run, èmi ló dí i. Èmi ló dí i. Má jẹ́ kí ó jẹ́ ọwọ́ mi.” Mo sì ń lu agogo.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ “Hallo!”

Halelúyà! Ẹ dìde dúró, ẹ pè é! Mo gbọ́ “Hallo!”, mo lù ú, wọ́n tún pè, mo tún lù ú, títí tí nǹkan pupa fi yọ nínú funfun. Jákẹ́ẹ̀tì wọn ni. Ọkùnrin méjì àti obìnrin kan. Obìnrin náà ni ọ̀gá, ọ̀dọ́ ni, yìnyín ti dì sí ìpéǹpéjú rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé àwọn èèyàn wọ̀nyí, iṣẹ́ tí wọ́n fi ń jẹun kọ́ nìyí o! Ọ̀kan nínú wọn, búrẹ́dì ló ń ṣe. Ó fi iyẹ̀fun sílẹ̀ lórí tábìlì ló wá. Ọlọ́run bù kún wọn! Wọ́n dì wá nínú ọ̀rá kan tó ń dán bíi wúrà. Màámi la ojú, wọ́n rí wúrà lára wọn yí ká, wọ́n ní, “Ṣé mo ti dé ọ̀run ni?” Káyọ̀dé ní, “Rárá, Màámi, Harz lẹ ṣì wà.”

Obìnrin yẹn sọ fún mi pé, “A ti kọjá lára yín lẹ́ẹ̀kan. Ìṣísẹ̀ díẹ̀ ló kù, a ò rí yín. Funfun lórí funfun. Agogo yẹn la gbọ́, a rò pé màlúù ni. Àwọn màlúù wa níbí ń wọ agogo. Mo wá rò ó pé màlúù kì í gun òkè títí di oṣù karùn-ún.” Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Màámi, torí mo ti jáwọ́ nínú kí n máa yọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Pẹ̀lú òtútù yẹn, Màámi ní, “Sọ fún un pé mo kí màlúù.”

Wọ́n gbé Màámi sórí nǹkan kan tó dà bí ọmọlanke tí kò ní táyà, wọ́n ń fà á lọ lórí yìnyín. A ò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí sánmọ̀ fi yà, tí oòrùn sì bọ́ síta, bí ẹni pé kò síbì kankan tó lọ. Gbogbo òkè ń dán. Gbogbo igi wọ aṣọ àdúrà. Mo bínú sí i, mo sì ń wò ó, mi ò lè gbójú kúrò. Màámi náà ń wò ó láti inú wúrà wọn. Wọ́n ní, “Ọba tó ṣe èyí!” Mo bú sẹ́kún.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà bọ́ ìbọ̀sẹ̀ pupa náà, ó wo ẹsẹ̀ òsì, ó mi orí pé ó dáa. Ó wo ti ọ̀tún, ìka méjì ti funfun bí àbẹ́là. Ó ní, “Mi ò lè ṣèlérí ìka méjèèjì yìí. Ẹ̀mí wọn, bẹ́ẹ̀ ni. Ká ní ó pẹ́ sí i díẹ̀, ẹ̀mí náà mi ò ní lè ṣèlérí. Ta ló mú ẹsẹ̀ yìí gbóná lórí òkè?” Káyọ̀dé ní òun ni. Dókítà bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe. Káyọ̀dé ní, “Nọ́ọ̀sì ni mí.” Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ tí wọn ò jẹ́ kó sọ fún oṣù mẹ́jọ! Dókítà ní, “Mo rí i.” Ìyẹn náà ni Anerkennung!

Dókítà sọ fún mi pé, “Sọ fún màmá rẹ pé Ọlọ́run ń gbọ́ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà.” Màámi rẹ́rìn-ín. “Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n òkè ni mo jẹ́jẹ̀ẹ́.”

Ní ọjọ́ kejì, èmi àti Màámi nìkan ló wà níbẹ̀. Wọ́n ní, “Mojí, bàbá tó mú ọ̀pá méjì yẹn, kí ló sọ gan-an?” Mo wólẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo sọ ọ́. Wọ́n ní, “Ká ní o sọ fún mi pé afẹ́fẹ́ ti yí, màá ti sọ̀kalẹ̀. Láti kékeré ni mo ti mọ ìyẹn. Òkè ni wọ́n bí mi sí.” Wọ́n tún ní, “Agogo lo kọ́kọ́ dí lẹ́nu, lẹ́yìn náà lo wá dí mi létí.” Mi ò lè gbé ojú sókè. Wọ́n ní, “Ó ti tó. Bọ́ bàtà rẹ.” Mo ní, “Màámi?” Wọ́n ní, “Bọ́ bàtà rẹ, kí n wo ẹsẹ̀ tìẹ náà. Láti àná, kò sẹ́ni tó wò ó.”

Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ máa wí pé ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ ṣeun, Jésù.

Ìka kìíní pọ́n padà ní ọjọ́ kẹrin. Èkejì pẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ń wò ó. Ó ṣí, ó bó, awọ tuntun yọ, ó pọ́n! Mẹ́wàá pé! Ṣé ẹ rí i báyìí ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ ka tiyín?

Nígbà tí a padà sí Lichtenberg, ìyá tó ń gbé nísàlẹ̀ pàdé mi nínú lífìtì. Ó ní, “Ìyá yín dà? Mi ò gbọ́ ìrìn wọn lókè mọ́.” Mo sọ ọ́ fún un, àtagogo àtìbọ̀sẹ̀. A dé àjà rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ di ilẹ̀kùn lífìtì, ó ní, “Aago mẹ́jọ àárọ̀ dára. Ní aago mẹ́jọ, mo ti jí.” Láti ìgbà yẹn, aago mẹ́jọ ni Màámi ń lu agogo, kò sí ìbọ̀sẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ní ọjọ́bọ̀ tó kọjá, oorun gbé wa lọ. Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, a gbọ́ ohun kan lábẹ́ ilẹ̀. Ìyá ìsàlẹ̀ ló ń fi igi ìgbálẹ̀ kan àjà rẹ̀. Gbà, gbà, gbà. Mẹ́ta géérégé! Màámi fò dìde, wọ́n ní, “Ẹ ò rí i, ó ti ń dáhùn!”

Ẹ̀yin ará mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ìṣòro, tẹ́ ẹ ń dúró de ìwé tí kò jáde, tí oòrùn yín ti di yìnyín láàárín àdúrà kan ṣoṣo, mi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ gun òkè. Tẹ́ ẹ bá gùn ún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ bàtà! Ẹ fi jákẹ́ẹ̀tì pupa lé sùtánà! Tí bàbá tó mú ọ̀pá méjì bá ní kẹ́ ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ sọ̀kalẹ̀, ìránṣẹ́ Ọlọ́run ni. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín jù ni pé, tí nǹkan kan bá wà tí ojú rẹ̀ ń tì yín, tí màmá yín fi lé yín lọ́wọ́, tẹ́ ẹ ti rọ́ ìbọ̀sẹ̀ sí i lẹ́nu nítorí ará ìlú yìí, ẹ yọ ọ́. Ẹ yọ ọ́ nígbà tí ìka yín ṣì ń ṣiṣẹ́. Èmi fi eyín yọ tèmi.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi pa orísun mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì, lọ́wọ́ ọmọbìnrin tó mọ oṣù tí màlúù ń gun òkè, lọ́wọ́ dókítà, lọ́wọ́ àbúrò mi. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni Màámi ń padà sílé, wọ́n sì ti ní agogo kò bá àwọn lọ, èmi ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún. Mo mú un wá. Òun rèé. Mo ti bẹ àwọn ará ilé ẹ̀gbẹ́ wa níbí, wọ́n ní lẹ́ẹ̀kan péré, a lè lù ú.

Màámi, ẹ bọ́ síwájú. Ẹ rọra, ẹ má sáré. Ẹ gbà á, ẹ lù ú fún wọn. Ẹ mọ̀ pé bí mo bá lù ú, áísíkiriìmù ni mò ń tà.